Ogójì Orúkọ Kí Aago Méjì Tó Lù

Odindi oṣù mẹ́ta ni Wòsílátù Sàlàkọ́, tíṣà kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdímù, fi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ó di Ẹgbẹ́dá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún èèyàn. Á gbálẹ̀, á nu tábìlì, àwọn náà á sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ wọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó máa rín in. Òun mọ ohun tó ń wá.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń wá fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́dún 1998 yẹn, wọ́n pe ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìgàndó. Ìwé ìpè ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á tẹ orúkọ ogójì ọmọ sínú ẹ̀rọ, orúkọ náà á sì jáde lórí ìwé kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ṣe é á gbé kọ̀ǹpútà lọ. Wòsílátù ò lè pa á mọ́ra, ó ti sọ fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ọ̀gá Àmúsà, hẹ́dímásítà wọn, ní òun náà ń lọ. Èèyàn dáadáa ni, ká má parọ́ mọ́ ọn. Oṣù mẹ́fà ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àmọ́ àga kan ṣoṣo ló wà níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, òun ló sì jókòó sí i. Ta ni yóò ní kí hẹ́dímásítà dìde? Wòsílátù dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Wòsílátù ti fi oṣù mẹ́ta wẹwọ́, kò sẹ́ni tó sún fún un nídìí àwo. Nígbà tó máa fi di aago kan, orúkọ mẹ́ta péré ni Ọ̀gá ti tẹ̀.

"Sà, lẹ́tà yẹn wà lápá òsì," ó rọra sọ sí i létí.

"Mo ti rí i, jàre."

Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ọ̀gá dìde lọ kírun. Àga ò tíì tutù tí Wòsílátù fi bọ́ sórí rẹ̀. Ìka rẹ̀ ò dúró mọ́. Fàúsátù, Jàfárù, Nàfíù, Àtọ́kẹ́, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ. Olútáyọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn, kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mi orí pé ó ń ṣe dáadáa. Bó ṣe tẹ orúkọ ogójì tán ló gbọ́ tí Ọ̀gá wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kù kó fi iṣẹ́ pamọ́, kó wá tẹ̀ ẹ́ jáde, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Ó ti dìde.

"O ti bá mi parí ẹ̀," ni Ọ̀gá wí, ó sì jókòó.

"Ó ku ká fi pamọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo mọ̀ ọ́n, Mísíìsì Sàlàkọ́. Téèyàn bá ti ṣe tán, kó paná."

Ọkùnrin yìí náà ló máa ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì láti pa fáànù. Ìka rẹ̀ kọrí sí bọ́tìnnì ńlá iwájú ẹ̀rọ. Ọwọ́ Wòsílátù gbéra láti gbá ọwọ́ náà mú, ó dúró lófuurufú. Ọwọ́ hẹ́dímásítà, lójú gbogbo ayé? Gíláàsì ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Nígbà tí Olútáyọ̀ dé, ó tan ẹ̀rọ náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Mà, mo rí yín níbí lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, tí ẹlòmíì wá bà á jẹ́, ẹ sọ fún mi. Màá fún yín ní ogójì ìṣẹ́jú sí i, kẹ́ ẹ dá jókòó."

Ọ̀gá ò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn rẹ̀ ń fò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kọ̀ǹpútà á di tàwọn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni hẹ́dímásítà mẹ́sàn-án yòókù tó wà nínú gbọ̀ngàn náà yóò máa fi rántí Ọ̀gá Àmúsà lẹ́yìn tó bá fẹ̀yìn tì.

"Ọ̀gá wa ló tẹ̀ ẹ́, sà," ó ní. "Èmi kàn ń bá wọn dúró ni."

Olútáyọ̀ wò ó títí. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ tó kàn.

Níta, bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń di páálí kọ̀ǹpútà tiwọn sẹ́yìn mọ́tò, Ọ̀gá Àmúsà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"O káre. Àwọn òbí ẹ kọ́ ẹ dáadáa."

Wòsílátù kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé, sà. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí bàbá àti ìyá rẹ̀.