Bí Ọdẹ Ṣe Di Agbẹ́gilére Lórí Tábìlì Wa

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí a padà sí Ìlọ́fà, a ṣe géèmù kan fún àwọn ọmọ-ọmọ wa tí wọ́n máa ń wálé nígbà Kérésìmesì. Olúkúlùkù yóò mú iṣẹ́ kan nínú ìlú tí a fọkàn dá sílẹ̀. Èmi á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á ju dáìsì lúdò. Hóró èso la fi ń mọ bí ọgbọ́n iṣẹ́ ẹnì kan ṣe tó: àgbàdo fún ọdẹ, ẹ̀wà fún agbẹ́gilére, ẹ̀pà fún àgbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbíkẹ́yìn wọn máa ń jẹ tirẹ̀. Ẹ̀gúsí ni ti ahunṣọ. Ìyàwó mi ni ahunṣọ.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ ọdẹ ti sú òun.

“Bàbá àgbà, inú igbó ṣáá! Mo fẹ́ gbẹ́ ère.”

Mo ní kò burú, kó dá gbogbo àgbàdo rẹ̀ padà, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó wo òkìtì àgbàdo náà, ó dìde.

“Ẹ máa bá géèmù yín lọ.”

Àwọn àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e jáde. Ó dùn mí, nítorí ìyàwó mi ń ṣàìsàn nígbà náà, kò lè jáde mọ́, géèmù yẹn nìkan ló ń mú kí àwọn ọmọ jókòó tì í.

Mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé bí iṣẹ́ bá rọrùn láti pààrọ̀, gbogbo wọn á mọ ohun gbogbo, ẹnì kan ò ní nílò ẹnì kejì mọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ṣì ń dá ọmọ padà sí kíláàsì kìíní. Ẹni tó wá ṣe àáró lóko yín, ṣé ó máa ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ ebè kó tó délé ni?”

Àáró ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà: mo bá ọ ro oko rẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ibẹ̀ la ti rí òfin náà. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tuntun yóò bá oníṣẹ́ náà ṣe àáró, yóò sì gba hóró kan lára ti iṣẹ́ náà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wá bá òun náà ṣiṣẹ́. Hóró àtijọ́ kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ṣoṣo ni yóò lè mú nínú iṣẹ́ àtijọ́ wọ tuntun.

Mo pè wọ́n padà. Ọmọbìnrin náà mú ìmọ̀ igi inú igbó. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ agbẹ́gilére figbe ta.

“Èmi? Nínú igbó?”

“Àáró ni, ojo! Ṣebí mo ti bá ẹ gé igi? Gbé ìbọn!”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi padà sí Ìlọrin, wọn kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bá a ṣe géèmù náà kódà bí èmi kò bá sí nílé.

Ó kú kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Nígbà tí àwọn ọmọ wá, wọ́n tẹ́ géèmù náà fúnra wọn. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò máa hun aṣọ ìlú báyìí, nítorí òfin wa ni pé ẹni tó bá ti bá ahunṣọ ṣe àáró nìkan ló lè ṣe é. Wọ́n ń to hóró wọn síwájú, mo sì rí i pé ẹ̀gúsí wà nínú ti olúkúlùkù.

Mo dúpẹ́. Mo ju dáìsì.