Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Akàn

Mi ò mutí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Mi ò mutí, mi ò sì sùn. Ojúmọmọ ni, oòrùn wà lókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ bò ó lójú. Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ ṣáà gbọ́ ọ tán.

Mahintedo ni ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ fàráńdà ni ọkọ̀ náà wà, lábẹ́ páànù tí èmi fúnra mi kàn. Ọkọ̀ eré ìje ayé àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, ó pupa fòò. Ó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á ká ara rẹ̀ kò kó tó lè wọ̀ ọ́. Ìjókòó kékeré kan wà lẹ́yìn tí kò gbà ju ọmọdé lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní Akàn, torí ó pupa, ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí akàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣọlá, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Apẹja ni Bọ̀dá, Araromi létí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá wálé, Akàn ló máa kọ́kọ́ kí, kó tó kí ìyá wa.

Ìyá wa a ní, "Ṣọlá, ṣé irin yẹn ló bí ọ ni?"

Bọ̀dá a bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ etí òkun wa, ẹ mọ̀ pé atẹ́gùn oníyọ̀ yìí kì í ṣojú àánú sí irin. Bí ẹ bá gbójú kúrò lára ọkọ̀ díẹ̀, á ti dógùn-ún. Omi òjò ni mo fi ń wẹ Akàn, torí omi kànga wa náà níyọ̀ nínú. Mo ń fi ọ́ìlì tó ti dúdú kun ìdí rẹ̀. Mo ń tú àwọn púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo ń fọ̀ wọ́n, mo ń dá wọn padà. Tó bá di Sátidé, màá wà á dé Igbókọ̀dá, màá sì wà á padà. Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ rà níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yẹn máa kùn níwájú mi bí oyin nínú afárá, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí mi létí.

Ìyá Tóbi, ìyàwó mi, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. "Bàbá Tóbi, ọkọ̀ òkú lẹ̀ ń wẹ̀ yẹn o."

Kò parọ́. Ìjì ló dojú ọkọ̀ ìpẹja Bọ̀dá dé lójú òkun níwájú Araromi. A rí ọkọ̀. A rí àwọ̀n. A ò rí Bọ̀dá. Ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀ sin, ẹkún rẹ̀ kì í parí. Ìyá wa, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, a máa jókòó sí fàráńdà láti àárọ̀, a máa tẹ́tí sí ojú ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń retí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú ọyẹ́. Ìyá Tóbi àtàwọn ọmọ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wà lábẹ́ Akàn, mo ń tú sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín rẹ̀ tí iyọ̀ ti jẹ. Mo fi ọwọ́ kan gbé irin náà dání kó má baà já lù mí lójú. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Kò wọ bàtà. Iyanrìn tútù lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

Mo rò pé Alàájì ni, aládùúgbò wa tó ń ta àwọ̀n, torí òun nìkan ló máa ń wà nílé bí gbogbo àdúgbò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo na ọwọ́ síta.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú sípánà yẹn."

Ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, sípánà yẹn tutù bí ohun tí wọ́n yọ láàárín yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja. Omi tẹ̀ lé e. Ó ṣàn gba apá mi wá, ó kán sí mi lẹ́nu. Omi iyọ̀ ni.

Mi ò mọ ohun tó sún mi sọ ọ́, àmọ́ mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Bọ̀dá Ṣọlá?"

Ó dáhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kún fún omi.

"Ùn."

Mo fi iwájú orí gbá irin níbi tí mo ti ń sáré jáde. Kò sí ẹnì kankan. Ipa ẹsẹ̀ tútù ti ojú ọ̀nà wá, ó gba iwájú fàráńdà, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò sí èyí tó padà.

"Ta ló kọjá níwájú mi tí kò kí mi?" Ìyá wa ló ń pariwo láti fàráńdà.

Mo sáré lọ bá a.

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọmọ mi, orúkọ ta ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ yẹn?"

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó ẹ̀yìn Akàn ò gbẹ mọ́. Màá fi àkísà nù ún, màá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí oòrùn lè pa á. Tó bá di àárọ̀, omi àti iyanrìn á tún ti wà níbẹ̀. Páànù òkè ò jò. Òjò ò rọ̀. Pásítọ̀ wá, ó gbàdúrà, ó ta òróró sí i. Nígbà tó fi ọwọ́ kan ìjókòó náà, kò mu omi tí a gbé fún un kó tó lọ.

"Ẹ tà á," Ìyá Tóbi ní. "Tí ẹ ò bá tà á, èmi á kó àwọn ọmọ mi lọ sílé bàbá mi."

Ìyá wa ló kọ̀. Ó ní kí n gbé òun lọ sí Araromi nínú ọkọ̀ náà. "Èmi ni mo bí Ṣọlá. Èmi ni màá mú un dé etí omi, tí màá sọ fún un pé kó máa lọ sinmi."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ló lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀?

Àárọ̀ la gbéra. Ìyá wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A gba Igbókọ̀dá, a gba Òkìtìpupa, Akàn ń sáré dáadáa. Àfi ìgbà tí a yí sí ọ̀nà Araromi. Lójijì, ọkọ̀ wúwo. Ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ń ha ilẹ̀, bíi pé wọ́n kó àpò sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn. Òórùn òkun gba inú ọkọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ òkun ṣì jìnnà.

"Má wẹ̀yìn," Ìyá wa sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ojú ọ̀nà ni mo tẹjú mọ́, àmọ́ mo rí ọwọ́ yẹn láti igun ojú mi. Àwọn ìka rẹ̀ tẹ̀ wọnú ara wọn, bí ọwọ́ tí ọwọ́ mìíràn dì mú. Omi ń kán láti ibẹ̀ sórí jíà. Ìyá wa ń ki oríkì Bọ̀dá lábẹ́ ohùn, omijé ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò kì í mọ́.

A dé ibi tí òkun ti jẹ ọ̀nà tán, tí ọ̀dà kàn gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ìdí Akàn gbé sókè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ ń yọ lórí iyanrìn lójú mi, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí ìgbì fi nù wọ́n. Mo wólẹ̀, mo sunkún. Mo pè é, mo ní, "Bọ̀dá, ó dàárọ̀ o."

Ìyá wa kò sọkún. Ó jókòó sójú kan, ó ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. A ti padà dé Òkìtìpupa kó tó sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe Ṣọlá."

"Màmá, kí lẹ wí?"

"Okùn àwọ̀n ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi, ó le bí èèpo igi. Èyí tí mo dì mú rọ̀ múlọ́múlọ́, bí ọwọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tí mo ń kì í, ó bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ létí pé ta ló ń jẹ́ Ṣọlá."

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi lórí rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, kò jókòó sí fàráńdà mọ́. Ìjókòó ẹ̀yìn Akàn ti gbẹ, Ìyá Tóbi ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ títà. Ǹ bá ní ó ti tán.

Àmọ́ apẹja kan, ọ̀rẹ́ Bọ̀dá láyé ọjọ́un, wá kí wa láti Araromi. Kò fẹ́ kí Ìyá wa gbọ́, ó fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn àwọn, láti ilé dé ilé. Ó ní tí àwọn bá bèèrè pé ta ni, ó máa ń dáhùn.

Ó ní òun ni Ṣọlá.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹsẹ̀ bá dúró tì yín tí ẹ ò tíì rí ojú, ẹ má torí ìfẹ́ òkú yín fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹ jẹ́ kó sọ orúkọ ara rẹ̀. Àwa kò mọ̀. Àwa la fún un ní ti ẹ̀gbọ́n wa, a ò sì mọ bí a ṣe máa gbà á padà.