Ohun Tí Ọkọ Mi Máa Ń Sá Sóòrùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo kórìíra ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ agbo ilé wa l'Ágége. Okùn ni wọ́n fi fà á wọlé, kò lè dá rìn. Ó pupa, ó kúrú sílẹ̀ bí ẹni tó lúgọ. Ọkọ mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń mú ìyàwó wálé. Mo bi í pé, "Ṣé orogún mi nìyí?" Ó ní, "Òun ni o. Bu omi wá, ká fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé." Mo pòṣé, mo wọlé lọ.

Ilé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òun ni ó ń tọ́jú iná àwọn ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ayé ìgbà yẹn, dé, tí owó wa di yẹpẹrẹ, tí wọn ò rí òwú rà mọ́, wọ́n ti ibẹ̀ pa. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn kó ẹrù rẹ̀ padà sílùú rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ tó ti kú sílẹ̀ fún ọkọ mi. Àwọn ẹlòmíì gba àpò ìrẹsì. Ọkọ tèmi gba òkú ọkọ̀.

Òkú ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ lásán ṣá. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá ni. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀, lábẹ́ ibi tí èrò iwájú ń gbẹ́sẹ̀ lé, òun ni ó ń sọ fún ẹ́ńjìnì iye epo tó máa mu àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ṣáná. Àwọn ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ń pè é ní bíréènì-bọ́ọ̀kìsì, ọkọ mi ń pè é ní ọpọlọ. Láyé ìgbà yẹn, láti Agége títí dé Opebi, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo mẹkáníìkì ń sọ tí wọ́n bá ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ yọ ọpọlọ yẹn dànù, ká fi kabúrétọ̀ àtijọ́ tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo láìlo ọpọlọ sí i, kó máa rìn bí ọkọ̀ gidi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ayé nìyẹn, ọkọ̀ náà á sì máa rìn lóòótọ́. Ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bó ṣe ṣàlàyé fún mi, ìlú òtútù ni wọ́n ti kọ́ ọpọlọ yẹn lẹ́kọ̀ọ́. Kò mọ ooru wa. Kò sì mọ epo wa, èyí tí a ó tò fún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí wọ́n á tún ti da kẹrosíìnì mọ́ ọn. Òun fẹ́ tún un kọ́. Ó lọ gba ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì tó ń kógbá wọlé l'Ópebi, ó sì gbé e lé orí tábìlì tí mo ti ń ṣojú lóge. Mo ní níbo wá ni kí n gbé pọ́ńdà mi sí? Ó ní ẹni tó rẹwà bí èmi, kí ni ó fẹ́ fi pọ́ńdà ṣe. Ẹlẹ́nu dídùn!

Nínú ọpọlọ náà, nǹkan dúdú kékeré kan wà tó ní ẹsẹ̀ wẹẹrẹ bí ọ̀kùn, tó ní fèrèsé gíláàsì lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wà. Tí èèyàn bá fẹ́ kọ tuntun sí i, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń pa á rẹ́. Wọ́n ní iná àkànṣe kan wà fún un lókè òkun. Àwa ní oòrùn. Orí páànù ilé ìdáná ni ọkọ mi ń sá a sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ mi. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, èlùbọ́ á ti gbẹ, ẹ̀kọ́ inú nǹkan yẹn náà á ti parẹ́. Tó bá fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì yẹn kọ tuntun sí i tán, ó máa ń lẹ téèpù dúdú mọ́ fèrèsé yẹn kí oòrùn má bàa rí i mọ́. Tí òjò bá ṣú, èmi ni mo ń sáré kó àwọn méjèèjì wọlé. Àwọn ará ilé ní wèrè ń ṣe ọkọ mi, ó sì ti ràn mí.

Nígbà tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn, láàárọ̀ Sátidé, a máa ń gba ọ̀nà Oko Ọba jáde kí àwọn màlúù tó kún títì. Òun á tẹná mọ́ ọn, èmi á máa ké ibi tí ọwọ́ aago rẹ̀ bá dé. Tá a bá dúró, á tú púlọ́ọ̀gì kan wò. Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá funfun, ebi ń pa ẹ́ńjìnì, ó sì fẹ́ jó ara rẹ̀. Àwọ̀ èèpo búrẹ́dì Agége ni ó ń wá. "Búrẹ́dì ò tíì jinná," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, a ó sì padà sílé lọ tún un sá sóòrùn.

Lọ́jọ́ kan, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó kàn nà án sí mi. Ó ti jinná. Ó tún tan ọkọ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, gbọ́." Mo gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń lọ geere, tó bá sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, súfèé tẹ́ẹ́rẹ́ kan á dìde nínú rẹ̀ bí kẹ́tù tó fẹ́ hó. N kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹni tí ara ń tù. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bú u.

Ọdún yẹn kò parí kó tó dùbúlẹ̀. Kíndìnrín ni. Àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, ilé la ti ń tọ́jú rẹ̀. A ta kọ̀ǹpútà ra oògùn, ó ní kò burú, ẹ̀kọ́ tó gbẹ̀yìn ti wà nínú ọpọlọ. Níjọ́ tí ara bá ń ni ín gan-an, á ní kí n ṣí fèrèsé, kí n lọ tan ọkọ̀. Á dijú, á máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan báyìí, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí o." Mo ní, "Wọn ò ní bẹ́ ẹ. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kú. Háà, ikú ò mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ tán.

Nínú ẹ̀sìn wa, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó sílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, alápatà ní Oko Ọba, wá gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ tiwọn kí olè má bàa tú u. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan inú rẹ̀." Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀." Ohun tó ń mú mi sùn nínú opó yẹn ni pé tí mo bá jáde, n ó jókòó sínú ọkọ̀, n ó tan án, n ó sì gbọ́ ohun tí ọkọ mi gbọ́. Ohùn tirẹ̀ ti lọ, èyí ṣì kù.

Ọjọ́ tí mo jáde opó, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun. Mo gbọ́ ọkọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ń húkọ́, ó ń gbọ̀n gbùgbùgbù. Èmi ò tilẹ̀ bojú wòta. Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ké pé, "Ìyàwó wa, jáde wá wò ó!" Ọkọ̀ pupa wa ni. Inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n ní ìdúró ti pọ̀ fún un, kò gbiná mọ́, àwọn ò sì fẹ́ kí n jáde opó kí n máa fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ní mẹkáníìkì ti yọ ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kabúrétọ̀ tuntun ló wà níbẹ̀ báyìí. Àgbò tí wọ́n ń sìn fún Iléyá ni wọ́n tà ṣe é.

Kí ni kí n sọ? Ṣé ẹni tó ta àgbò Iléyá rẹ̀ nítorí mi ni kí n bú? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere." Omi bọ́ lójú mi, kò ṣeé mú dúró. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí àwọn ará ilé jẹ́ kí n sunkún, pé ẹkún ayọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá mẹkáníìkì náà, mo béèrè ọpọlọ yẹn. Ọmọlúàbí ni, kò tilẹ̀ jiyàn. Orí páànù ìsọ̀ rẹ̀ ló ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ti tú ìdérí rẹ̀. Téèpù dúdú yẹn ti ṣí kúrò, fèrèsé gíláàsì náà ń wo ojú ọ̀run. Ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe é o. Látọjọ́ tá a ti yọ ọ́ la ti ń sá a sóòrùn, kó má bàa dípẹtà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Mo gbé ọpọlọ náà dé ilé, mo wá téèpù ọkọ mi jáde, mo gé díẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé yẹn. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mi ò kàn fẹ́ kí oòrùn tún rí i ni.