Ọdún Mẹ́rin Tí Wendell Niskanen Ṣèlérí

Ní Ahola Bay, níbi tí adágún ńlá ti máa ń dì gbagidi títí oṣù kẹrin fi máa wọlé, kò sẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ Wendell Niskanen, nítorí pé ọkọ̀ náà kì í sábà sí nílé. Bí àwọn aládùúgbò bá rí i níwájú ilé lọ́jọ́ Sátidé nígbà òtútù, wọ́n á bi Marlys ìyàwó rẹ̀ pé ṣé kò sí nǹkan. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọkùnrin yìí fi wa ọkọ̀ kiri, tó ń wá ọmọ tó mọ họ́kì gbá lórí yìnyín fún yunifásítì ìlú náà. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó jókòó sórí pákó tútù ní àwọn ìlú tí ẹlòmíràn kò gbọ́ orúkọ wọn rí, kó máa wo àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì máa sọ ohun tí wọ́n máa dà lọ́la.

Òun náà ti gbá fún yunifásítì yìí nígbà èwe rẹ̀. Orúnkún ló já a kulẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń ṣe bébà, kí wọ́n tó pè é padà pé kó wá máa bá wọn ṣa ọmọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ méjèèjì, obìnrin ni wọ́n, àwọn méjèèjì ò sì fẹ́ràn òtútù. Wọ́n ti lọ máa gbé ní gúúsù.

"Ọkọ ẹlòmíì á jáde, á mú ẹja wálé," ni Marlys máa ń wí. "Tèmi á jáde, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni á mú wálé."

"Ẹja kì í ṣe ìlérí fún ẹ pé òun á wá, kó tún yí ọkàn padà," Wendell á fèsì, á sì bu kọfí sínú fúláàsì rẹ̀.

Abúlé kan ní Saskatchewan, ìpínlẹ̀ kan ní òdìkejì ààlà orílẹ̀-èdè, ló ti rí Garrett Wiebe, níbi tí ilé tí wọ́n ń kó àlìkámà sí ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Garrett, ó gùn gbọọrọ, ẹ̀yìn ló ti ń gbá, pẹ̀lú àwọn tó ń dí ọ̀nà. Kò jẹ gọ́ọ̀lù kankan lọ́jọ́ náà, kò sì sáré ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n kí rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá tó dé ìdí ọ̀pá rẹ̀, ọmọ náà á ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, á ti mọ ibi tí gbogbo èèyàn wà. Wọn kì í kọ́ ọmọ níyẹn. Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Wendell kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó fàlà sí i nídìí. Bí ọjọ́ ti pẹ́ tó tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn tó fàlà sí nídìí kò pé mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó nínú ilé ìdáná àwọn Wiebe. Lorna, ìyá ọmọ náà, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ó bu ọbẹ̀ kábéèjì fún un, ó gbé búrẹ́dì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Garrett jẹ tirẹ̀ tán láìsọ̀rọ̀, ó padà sídìí màlúù rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin tó máa jókòó sórí àga yẹn láti oṣù kẹsàn-án, Ọ̀gbẹ́ni Niskanen," ni Lorna wí. "Gbogbo yín lẹ máa ń jẹun dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí mo bi àwọn tó kù. Ọdún mélòó lọmọ mi máa lò lọ́dọ̀ yín?"

"Mẹ́rin ni, mà."

"Á gboyè?"

"Á gboyè."

"Àwọn tó kù ní ọwọ́ bó bá ṣe ń gbá ló kù sí."

Wendell fi ṣíbí sílẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni àwọn tó kù sọ fún un. Ó sì mọ̀ pé yunifásítì tiwọn tóbi ju tòun lọ, pápá yìnyín wọn dára jù, wọ́n sì máa ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ibi tí àwọn ti Ahola Bay máa ń wọ bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ tó lè gbé kalẹ̀ níwájú obìnrin yìí.

"Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún mẹ́rin ni," ló wí, ó sì tún gbé ṣíbí rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi tẹ̀ lé ọmọ náà kiri lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó lọ wò ó nígbà tó ń gbá dáadáa, ó lọ wò ó nígbà tí kò gbá dáadáa, èyí tí àwọn yòókù kì í ṣe. Ó máa ń pè é lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ tí Garrett máa mú ibi kan, Ahola Bay ló mú. Ìyá rẹ̀ ló ní kó mú un.

Kí ó tó wọlé ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá, àwọn tó ń fi họ́kì jẹun, ti pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín àwọn ọ̀dọ́ láàárín ara wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ ńlá mìíràn tó lè fọwọ́ kàn án. Àwọn tó pè é lè fi í sílẹ̀ nílé ìwé bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì lè ní kó máa bọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń sin ẹran tí ẹlòmíì ti fi àmì sí létí ni.

Ọdún kìíní rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìmọ̀ igi àti igbó ló ń kọ́, ohun tí kò sẹ́ni tó retí. Nínú bọ́ọ̀sì, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sùn, á tẹjú mọ́ fèrèsé, á máa ka orúkọ igi fún Wendell.

"Ìyẹn ńkọ́?" Wendell á bi í.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà síbí, Kóòṣì, ẹ̀ ń bi ọmọ Saskatchewan léèrè igi. Igi mẹ́ta péré la ní."

Lọ́dún kejì, ó di ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sókè lọ́hùn-ún lọ́jọ́ Fáídè, wọn kì í pàtẹ́wọ́, wọn kì í jẹ nǹkan kan. Wendell mọ wọn, ó máa ń kí wọn. Inú rẹ̀ ń dùn pé ohun tí òun rí lábúlé yẹn kì í ṣe irọ́, àyà rẹ̀ sì ń já.

Ní oṣù kẹta, wọ́n fìyà jẹ Ahola Bay nínú ìdíje, eré ọdún náà parí lálẹ́ Sátidé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Brandt tó jẹ́ ọ̀gá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yọjú sí ọ́fíìsì Wendell.

"Wọ́n ti pe Garrett," ó wí. "Á wá bá ẹ. Jọ̀ọ́, Wendell, má di ọmọ yẹn lọ́wọ́ mú. Bí wọ́n bá gbọ́ níta pé à ń dá ọmọ dúró, ta ló tún máa wá?"

"Mo gbọ́."

"Kò dùn mọ́ èmi náà nínú."

"Mo ní mo gbọ́, Brandt."

Kò pẹ́ tí Garrett fi wọlé. Kò ṣí fìlà rẹ̀. Ó jókòó, ó tún dìde, ó tún jókòó.

"Wọ́n ní kí n wá tọwọ́ bọ̀wé, Kóòṣì. Wọ́n ní àyè kan ṣí, pé bí n kò bá gbà á lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíì á gbà á."

"Ṣé o rò pé o ti tó o?"

"Mi ò mọ̀. Wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mi ò tíì pè wọ́n." Ó wo ilẹ̀. "Kí lẹ rò, Kóòṣì? Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Ohun tí Wendell rò ni pé ọmọ náà nílò ọdún kan sí i, ó kéré tán. Èjìká rẹ̀ kò tíì gbó. Àwọn ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún á fọ́ ọ mọ́ pákó tó yí pápá yìnyín ká. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Àmọ́ ó tún ti rí ẹni tí wọ́n ní kó dúró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́dún tó dúró yẹn, tí ẹgbẹ́ ńlá kò sì pè é mọ́ títí di òní. Bàbá ọmọ yẹn ṣì ń gbé ní òpópónà kejì, kì í sì í dá Wendell lóhùn bó bá kí i. Ta ló mọ̀la?

"Bó o bá lọ, a ò ní bínú sí ẹ," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí Garrett bi í nìyẹn. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà dúró díẹ̀, bóyá nǹkan mìíràn á tẹ̀ lé e, ó wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ. Kó tó di aago méjì ọ̀sán, ó ti tọwọ́ bọ̀wé. Ọjọ́ kejì ló wọ ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú báàgì kan àti àwọn ọ̀pá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù àwọn Wiebe dúró níwájú gbọ̀ngàn yìnyín. Lorna nìkan ló wà á, ọjọ́ méjì ló lò lójú ọ̀nà. Ó wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Wendell bá a gòkè lọ sí yàrá tí Garrett ń gbé. Bébà tó ń kọ fún olùkọ́ kan wà lórí tábìlì, kò tíì parí. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó lẹ ewé mọ́, tó kọ orúkọ igi sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ló kún, òfìfo ni ìyókù.

"Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mélòó?" Lorna béèrè.

"Mẹ́fà, mà."

Ó ń ká aṣọ sínú páálí, ó ń ká a dáadáa bí ẹni pé ọmọ náà máa wọ̀ ọ́ lọ́la. "Mo rò pé màá bá yín jà ni," ó wí. "Láti ẹnu ààlà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ jọ."

"Ẹ bá mi jà, mà."

"Kí ni n ó jèrè níbẹ̀? Ó tọwọ́ bọ̀wé tán kó tó pè mí. Ẹ̀yin náà, wọn ò bi yín."

"Kò yẹ kí n sọ ọdún mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ọbẹ̀ lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ojú mi." Ó fa téèpù, ó fi lẹ páálí náà. "Àwọn mẹ́ta sọ òótọ́ fún mi, mo wá mú ẹni tó sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Ẹ bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kejì."

Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Wendell ní kó wá sùn nílé àwọn, pé Marlys ti ṣe páì ẹran sílẹ̀. Ó ní rárá, ó dúpẹ́, ọkọ òun kò lè dá bójú tó àwọn màlúù tó ń bímọ. Ó gba páì náà ní ẹnu ọ̀nà wọn, Marlys wé e sínú aṣọ ìnura kó má baà tutù. Àwọn obìnrin méjèèjì di ara wọn mú díẹ̀. Wọn ò mọ ara wọn rí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Wendell wá ẹni tó máa rọ́pò. Àwọn tó dára ti mú ibi tí wọ́n ń lọ tipẹ́. Ó rí ọ̀kan ní Manitoba, ọmọ náà gbà, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti wà lára aṣọ, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti yí ọkàn padà, ẹ má bínú. Ìgbà mẹ́tàlélógún ni wọ́n pàdánù eré lọ́dún náà. Àwọn èèyàn ìlú kò bú Wendell. Nílé oúnjẹ àárọ̀, wọ́n á sún fún un, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ẹja.

Garrett gbá eré mẹ́sàn-án fún ẹgbẹ́ ńlá. Wendell àti Marlys wo gbogbo rẹ̀. Ní ìkẹsàn-án, wọ́n tì í mọ́ pákó, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n ń fi í sí, láti ìlú dé ìlú, títí àdéhùn fi parí tí ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló pe Wendell.

"Kóòṣì, ṣé mo lè padà wá?"

Wendell mọ òfin. Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ ńlá tọwọ́ bọ̀wé kò tún lè gbá fún yunifásítì mọ́. Síbẹ̀ ó ní kó dúró ná, ó lọ bá obìnrin tó ń mójú tó òfin ní ọ́fíìsì, ó ní kó kà á fún òun. Obìnrin náà kà á. Wendell ní kó tún un kà.

"Bákan náà ló máa jáde, Wendell," obìnrin náà wí pẹ̀lẹ́.

Ó pe ọmọ náà padà. "Kò ṣeé ṣe láti gbá. Ṣùgbọ́n wá parí ìwé rẹ. Wá gboyè. Marlys ní yàrá àwọn ọmọbìnrin wa wà lófìfo."

Garrett kọ̀. "Kí n máa gbọ́ ariwo wọn láti yàrá ìkàwé, Kóòṣì? Mi ò lè ṣe é. Bóyá tó bá yá."

Kò wá. Slovakia lókè òkun ló lọ, sí ẹgbẹ́ kan ní ìlú kékeré kan lórí òkè. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, Wendell pè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀ tipẹ́ kí Marlys tó wọlé wá láti ẹ̀yìn ilé, tí ó ń gbọn ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òjò dídì ń rọ̀ níbẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wá sọ?"

"Mo ní ó ń rọ̀ níbí náà," Wendell wí.