Àgò Létí Kùkùté

"Àgò onílé o!" Bí bàbá ọkọ mi ṣe máa ń ké nìyẹn láràárọ̀, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa ní Houston níbí. Wọ́n á sì dá ara wọn lóhùn: "Àgò yà."

Kùkùté igi jíjẹrà kan ni wọ́n ń kágò fún. Inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò dúdú ńláńlá ti ń jáde, tí ẹnu wọn yọ síta bí ìwo.

Ládùúgbò wa, mọ́tò ló ń wọlé, mọ́tò ló ń jáde. Dádì kì í rẹ́ni kí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, oníwo méjì jà lónìí. Èmi ni mo là wọ́n."

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì." Màá ti kọjá sí kíṣìnì.

Ọkọ mi bẹ̀rù pé kùkùté náà lè gbé bàbá òun ṣubú. Ó pe àwọn tó ń gé koríko, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná. Dádì dúró wò wọ́n títí wọ́n fi parí. Dádì ṣàdúrà fún ọmọ wọn pé ó ń tọ́jú àwọn.

Láti ọjọ́ kejì, wọn ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní ká bá àwọn wo tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn máa fi padà sílé.

Lánàá, mo rí oníwo kan ṣoṣo lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo pe Dádì ní Ìjẹ̀bú, mo sọ fún wọn.

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o kágò kó o tó súnmọ́ ọn?"

Mo purọ́ fún wọn pé mo kágò.