Ẹ-Má-Mí àti Fíìmù Tí Kò Yí

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà bí wọ́n bá rántí olóògbé Ẹ-Má-Mí, onífọ́tò. Baba onílé rẹ̀ ló wọ aṣọ tuntun, tó ní kó ya òun ní fọ́tò ńlá tí òun máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, baba onílé jókòó dáadáa, bàtà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kan dúró lórí itan rẹ̀, ìwo ewúrẹ́ náà sì yọ gọngọ lórí fìlà rẹ̀.

"Onífọ́tò! Kí ni ewúrẹ́ ń wá lórí itan mi?"

Ẹ-Má-Mí wo fọ́tò náà títí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ya bàbá ló fi ewúrẹ́ aládùúgbò dán ìmọ́lẹ̀ wò, tó sì gbàgbé láti yí fíìmù. Àwòrán méjì wá gun ara wọn.

"Ẹ má bínú, bàbá," ló wí. "Ewúrẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lọ bá a."

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti onífọ́tò gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rín pa á débi pé ó rán apá aṣọ mọ́ ọrùn aṣọ. Ìgbà tó pẹ́ ló fi bá onífọ́tò ṣe aládùúgbò, ẹnu rẹ̀ la sì ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn yìí.

Bí onífọ́tò ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹ-Má-Mí kò le láti mọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ tí kò ní í pàṣẹ fún pé, "Ẹ má mí o!" Lọ́jọ́ kan ó pa àṣẹ yìí fún ọ̀gá ilé-ìwé kan, àfi gbìrì tí ìkùukùu bo oòrùn. Onífọ́tò gbójú sókè, ó ń dúró. Ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni tí kì í rú òfin, kò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ọrùn rẹ̀ wú, ó sì lọ sílẹ̀ gbì. Wọ́n fi ìwé fẹ́ ẹ títí ó fi lajú, ohun àkọ́kọ́ tó sì gbọ́ ni, "Ẹ dìde kíá, sà. Oòrùn ti yọ."

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi fóònù dá a lágara. "Bàbá, tiwa yìí, báyìí báyìí la ti ń rí i."

"Ọbẹ̀ tí mi ò tíì gbé kaná, ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lọ, kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ayọ̀ rẹ̀ gan-an wà nínú yàrá òkùnkùn, níbi tó ti ń fọ fọ́tò nínú omi oògùn lábẹ́ gílóòbù pupa. Bí ojú èèyàn bá ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lórí bébà funfun, á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: "Ẹ káàbọ̀ o! Imú yín ti dé. Ẹ má kánjú, ètè ń bọ̀ lẹ́yìn." Àwọn oníbàárà aránṣọ máa ń bi í pé àlejò mélòó ni bàbá yìí ń gbà lójúmọ́. Ó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ náà, síbẹ̀ bí imú bá yọ, inú rẹ̀ á dùn bíi pé kò rí imú rí.

Aránṣọ yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, nọ́ọ̀sì ni, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ìyàwó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gé kéèkì, aṣọ ya fàà láti ẹ̀yìn dé ìdí. Ẹ̀gbọ́n ní ìlara ló jẹ́ kó rán ìránkúrán. Àbúrò ní òun kọ́ ló ní kó jẹun sí i lẹ́yìn tí òun ti wọ̀n ọ́n tán. Ọ̀rọ̀ wá di bí o bá rí mi, yà. Bí mo bá rí ọ, n ó yà.

Ìyá wọn ló wá bá onífọ́tò lọ́jọ́ kan.

"Ojú mi ti ń ṣú. Mo fẹ́ rí àwọn ọmọ mi méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú fọ́tò kan kí ojú yìí tó fọ́ pátápátá. Àmọ́ wọn ò ní í gbà láti jókòó pọ̀."

Bàbá ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Ewúrẹ́ ti kọ́ mi níṣẹ́."

Nígbà tí màmá mú nọ́ọ̀sì wá, ó ta aṣọ dúdú sára ògiri. Ó fi ìyá sí àárín àga gígùn, ó fi nọ́ọ̀sì sí ọwọ́ ọ̀tún ìyá, ó ní kó na ọwọ́ gba ẹ̀yìn ìyá, kó gbé e lé èjìká òsì ìyá. Ó ya fọ́tò. Kò yí fíìmù. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Aránṣọ ń wò ó láti òdìkejì títì bó ṣe ń lé oníbàárà, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, tó ń rìn ní jẹ́jẹ́ kí kámẹ́rà má bàa mì.

Lọ́jọ́ kejì ó pe aránṣọ. "Wá jókòó fún mi. Mo fẹ́ gbé fọ́tò rẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù." Inú rẹ̀ dùn, ó wọ aṣọ tó dáa jù.

"Jókòó sí ìkángun àga yìí. Na ọwọ́ ọ̀tún. Gbé e sókè díẹ̀."

"Bàbá, kí ni mo fẹ́ gbé e lé?"

"Afẹ́fẹ́. Rọra, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Bó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn, torí nọ́ọ̀sì kò ní í tún wá. Bàbá gbàgbé láti pàṣẹ tó máa ń pa. Òun fúnra rẹ̀ ni kò mí.

Nírọ̀lẹ́, aránṣọ gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn. "Ẹ káàbọ̀, màmá! Nọ́ọ̀sì, káàbọ̀!" Lẹ́yìn náà ló ké tòò: "Aránṣọ! O dé! O mà dé o!"

"Mo wà níbí, bàbá!" ni aránṣọ dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Mi ò lọ síbì kankan!"

Ìyá gbé fọ́tò kọ́ sí pálọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí i, ó gbé e sọ́wọ́, ó sì já wọ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Aránṣọ gbọ́ ariwo, ó sọdá wá.

"Ìgbà wo lèmi àti ẹni yìí jókòó pọ̀?"

"Èmi náà fẹ́ gbọ́!"

Ẹ-Má-Mí gbé fọ́tò sórí tábìlì. "Kẹ́ ẹ tó lù mí, ẹ wo èjìká màmá. Ọwọ́ yín méjèèjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti wọ ara wọn. Ìka ta nìyí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Tèmi ni." "Irọ́ ni, Àǹtí mi, ẹ wo èékánná rẹ̀." Wọ́n jà títí wọ́n fi délé ìyá wọn pé kó wá dá ẹjọ́. Ìyá gbé fọ́tò sún mọ́ ojú, ó ní, "Ẹ má yọ mí lẹ́nu. Gbogbo ìka yẹn, èmi ni mo bí i." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Ọjọ́ tí wọ́n sin Ẹ-Má-Mí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ lọ ni. Nígbà tí wọ́n dé láti ibi ìsìnkú, wọ́n jókòó síwájú fọ́tò náà. Àárò bàbá náà sọ wọ́n gan-an. Nọ́ọ̀sì nu ojú, ó na ọwọ́ sí èjìká ìyá wọn nínú fọ́tò. "Ìka tèmi nìyí."

Aránṣọ mọ̀ dájú pé tòun ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi," ló wí. "Tiyín ni."