Wúrà Tí Mo Fọ̀ Dànù

Láti àtẹ́lẹwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́ ni gíga ère náà. Bàbà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fi wúrà bò ó: obìnrin kan tó jókòó lórí òdòdó, tó ká ẹsẹ̀ òsì, tó na ti ọ̀tún síwájú bí ẹni tó fẹ́ dìde wá bá ọ.

Ọ̀gá mi ló ni ín, bàbá àgbàlagbà kan láti Nẹ̀pálì tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ ike tí mo wà n'Íkẹjà. Àwa méjèèjì la jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Kò sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n nílé, kò sì sí ẹni tó ń dúró de èmi náà ní yàrá mi ní Dópẹ̀mú. Nígbà tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, wọ́n lọ sílé ní Nẹ̀pálì fún iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n sì fi ère náà sọ́dọ̀ mi.

"Oṣù méjì péré," ni wọ́n wí. "Láràárọ̀, bu omi sínú abọ́ méje síwájú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, dà á nù."

Onílé mi, ìyá Aládùúrà kan, yọjú lọ́jọ́ kejì.

"Bùọ̀dá, ìjọ wo lèyí?"

"Òrìṣà ọ̀gá mi ni, mà. Mo kàn ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni."

"Àwa náà ń gbé omi kalẹ̀ o! Ṣùgbọ́n obìnrin tiwa ò ní jókòó báyẹn láìwọ sùtánà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Ó ku èmi àti ère.

Oṣù méjì di márùn-ún. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ti mú un dúdú. Nígbà tí ọ̀gá ránṣẹ́ pé àwọn ò ní pẹ́ dé mọ́, mo ní kí n fọ̀ ọ́ bí ìyá mi ṣe máa ń fọ àwo idẹ: ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú. Ara rẹ̀ dán gbinrin. Nígbà tí mo dé ojú, wúrà bá aṣọ tí mo fi ń nù ún lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ kà nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ti ara, wọ́n po wúrà mọ́ mákúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, wọ́n fi pa bàbà, wọ́n wá yan án lórí iná títí mákúrì fi gbẹ, tí wúrà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú kò rí iná rárá. Ìyẹ̀fun wúrà tí wọ́n pò mọ́ àtè awọ ẹran ni, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni wọ́n fi ń kùn ún, wọn kì í dán an, kó lè jọ awọ èèyàn. Omi ni ọ̀tá rẹ̀.

Mo ra ọ̀dà aláwọ̀ wúrà l'Ágége, irú èyí tí wọ́n fi ń kun férémù àwòrán. Mo ṣí i, ó ń rùn bíi kẹrosínì. Mo dé e padà. Ìbínú ọ̀gá kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá gbé ère wọn fún ẹlòmíì, tí wọ́n sì pa mí tì, ta ni màá máa bá jẹun ọ̀sán?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀gá pè.

"Ojú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́," ni wọ́n wí. "Mi ò ní padà wá. Ti ère ńkọ́? Ṣé ojú rẹ̀ ṣì dára?"

Wọn kò ní rí i láé. Mo wo agolo ọ̀dà náà.

"Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, sà. Wúrà ojú ti lọ."

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn tó di ikọ́.

"Ọsàn wẹ́wẹ́! Ṣé ẹja ni? Nílé wa, wọ́n máa ń tún ojú kùn. L'Íkẹjà, ta ló mọ̀ ọ́n kùn? Máa bá a gbé bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti jẹun ọ̀sán?"

"Mo ti jẹun, sà."

Mi ò tíì jẹ.